Bẹ́ ẹ ṣe máa gbádùn ẹran Iléyá láìkó bá ara yín

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ẹ múra ẹ̀ sílẹ̀ o. Àkọ́kọ́, ẹ pín ẹran yẹn: tilé, tẹbí àtọ̀rẹ́, tàwọn aláìní, tẹ́ ẹ bá pín in dáadáa kò ní ṣẹ́ kù débi tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Eléyìí tẹ́ ẹ fẹ́ sè, ẹ gé ọ̀rá ara ẹ̀ kúrò, ẹ sè é rọ̀, ẹ wá jẹ́ kí omi ẹ̀ tutù nínú fíríìjì, ọ̀rá funfun á dì sójú ẹ̀, ẹ fi ṣíbí kó o dànù kẹ́ ẹ tó fi omi yẹn se ọbẹ̀. Mágí ńkọ́? Ẹ rọra! WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gírámù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan péré, tinú mágí náà wà níbẹ̀. Ẹ ro ẹ̀fọ́ tó pọ̀ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí ọdún fo oògùn, ẹ kó o sínú báàgì kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá sì jẹun tán, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn ará àdúgbò kú ọdún, ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀.