Kó O Tó Tẹ Kámẹ́rà: Bí A Ṣe Ń To Fọ́tò Ojú Èèyàn

Mo ya ọkùnrin kan nígbà kan, kóòtù rẹ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn-ún wò. Ìgbà tí mo gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà ni mo tó rí òpó iná tó hù láàárín orí rẹ̀ bí ìwo àgbáǹréré. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo ti ń wò látìbẹ̀rẹ̀.

Látìgbà náà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí mo fẹ́ yà ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí òpó tàbí ẹ̀ka igi bá wà níbẹ̀, ìwọ ni kó o sún, ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì ti tó. Má ṣe jẹ́ kí etí fèrèsé tàbí orí ògiri gba ọrùn rẹ̀ kọjá, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ bẹ́ ẹ lórí. Bí àyè bá wà, jẹ́ kó fi nǹkan bíi mítà 2 jìnnà sí ògiri, kí òjìji rẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, fà sẹ́yìn. Bó o bá fi lẹ́ńsì 24mm, ìyẹn èyí tó ń kó àyè tó fẹ̀ sínú àwòrán, sún mọ́ èèyàn gan-an, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Àwọn èèyàn máa ń di ẹ̀bi yìí ru lẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ ló fà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi fẹ́ràn lẹ́ńsì 85mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ra: ó ń jẹ́ kí wọ́n dúró lókèèrè díẹ̀, kí ojú sì kún àwòrán síbẹ̀. Fóònù náà kò yàtọ̀. Fà sẹ́yìn, kó o wá fa àwòrán náà sún mọ́ra.

Ó kan ojú wàyí. Pín àwòrán sí mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó o gbé ẹyinjú sórí ìlà òkè. Ẹyinjú tó sún mọ́ ọ jù ni kí kámẹ́rà mú kó mọ́ kedere. Bí ẹni tó ò ń yà bá ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kó o fi àyè sí.

Ibi tó o máa gé ara sí nínú àwòrán ló ń tú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fó jù. Má ṣe gé e ní oríkèé: ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Bó o bá gé e ní orúnkún, á dà bí ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Agbedeméjì itan ló dára. Nínú fọ́tò ojú nìkan, o lè gé irun díẹ̀ lókè, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àgbọ̀n ni kó o má gé.

Ní kí ẹni náà yí èjìká díẹ̀, kó na àgbọ̀n síwájú. Kó o tó tẹ̀ ẹ́, fi ojú yí etí àwòrán náà ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ fún un pé kó mí kanlẹ̀, tí èjìká bá sì ti ń wálẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́.