Bí Kọ̀ǹpútà tí Windows àti Linux Jọ Ń Gbé Inú Rẹ̀ Bá Kọ̀ tí Kò Ṣí

Bí ìdílé kan bá ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi Windows àti Linux, ìyẹn ètò méjì tí ń darí kọ̀ǹpútà, sínú rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ kan lè wà tí wọn yóò tàn án, tí ojú rẹ̀ yóò dúdú kirimu, tàbí tí yóò lọ tààrà sí Windows bí ẹni pé Linux kò sí níbẹ̀ rí. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé gbogbo nǹkan ti ṣòfò, wọn a sì wá ẹni tí yóò nu díìsìkì náà mọ́ kí ó tó tún gbogbo rẹ̀ fi sí lákọ̀tun. Nítorí àṣìṣe yìí gan-an ni a ṣe kọ ìwé yìí, nítorí pé nínù tí wọ́n nu díìsìkì ni ó ń pa fáìlì run, kì í ṣe ìṣòro tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, Windows wà ní àyè rẹ̀, Linux wà ní àyè rẹ̀, àwọn àwòrán ẹbí àti àkọsílẹ̀ ìṣirò ilé sì wà níbi tí a kó wọn sí. Adènà tí ń júwe ọ̀nà fún kọ̀ǹpútà nìkan ni ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ bọ́tìnnì

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, kì í ṣe Windows tàbí Linux ni ó kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fi sínú mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ni ó ń ṣáájú. BIOS ni èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, UEFI sì ni èyí tó wà lára àwọn tó dé lẹ́yìn. BIOS a máa ka báìtì 512 tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì, ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni yóò sì tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá tún Windows fi sórí kọ̀ǹpútà oní-BIOS, Windows yóò kọ ọ̀nà tirẹ̀ sórí ìwọ̀nba àyè yẹn, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Linux yóò sì parẹ́.

Ti UEFI yàtọ̀. Ìpín kékeré kan wà lórí díìsìkì tí a ṣètò ní ìlànà FAT32, inú rẹ̀ ni Windows ti ní fódà tirẹ̀ tí ń jẹ́ Microsoft, tí Linux náà sì ní tirẹ̀, irú bíi ubuntu. UEFI ní àkọsílẹ̀ kan tí ó fi mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè. Bí ó bá jẹ́ GRUB, tí í ṣe adènà Linux, ni ó wà lókè, a ó rí ojú ewé tí ń bi wá léèrè èyí tí a fẹ́ ṣí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí Windows bá gba ìmúdójúìwọ̀n ńlá, ó lè gbé orúkọ ara rẹ̀ lékè. Kò pa GRUB rẹ́, ó kàn ré e kọjá ni.

Ẹ ka ohun tí ojú kọ̀ǹpútà ń sọ

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ojú dúdú yẹn lè fi wákàtí púpọ̀ pamọ́ fún ẹni tí yóò bá yín tún un ṣe.

Bí kọ̀ǹpútà bá lọ tààrà sí Windows, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ F12 léraléra. Lára àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, F9 tàbí Esc ni. Àkọsílẹ̀ kan yóò jáde. Bí ẹ bá rí ubuntu tàbí orúkọ Linux yín níbẹ̀, tí ẹ yàn án tí ó sì ṣí, ìṣòro ò ju ètò ìtẹ̀léra lọ. Nínú Linux, ẹ ṣí terminal, ìyẹn ojú ewé tí a ti ń kọ àṣẹ, ẹ kọ sudo efibootmgr síbẹ̀, yóò sì to àwọn orúkọ náà pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Bí Linux bá jẹ́ 0003 tí Windows sì jẹ́ 0000, àṣẹ sudo efibootmgr -o 0003,0000 ni yóò dá Linux padà sípò kìíní. Bí ó bá jẹ́ pé ètò yìí ń bàjẹ́ padà ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, tí aago rẹ̀ náà sì ń ṣìnà, pàápàá bí ó bá ti dàgbà, ẹ wo bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. CR2032 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó ti kú.

Nígbà mìíràn GRUB yóò yọ, ṣùgbọ́n Windows kò ní sí nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí GRUB 2.06 ti jáde ní ọdún 2021 ni kò ti wá àwọn ètò mìíràn lórí díìsìkì mọ́ àyàfi bí a bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì /etc/default/grub, ẹ kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wá kọ sudo update-grub. Bí ètò tí ń jẹ́ os-prober bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, Windows yóò padà wá sínú àkọsílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ grub rescue> ni ẹ rí, GRUB ti jí ṣùgbọ́n kò rí ìyókù ara rẹ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti inú Windows pa ìpín kan rẹ́ tàbí tí ó yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ẹ kọ ls kí ẹ rí orúkọ àwọn ìpín, kí ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tí /boot/grub wà nínú rẹ̀. Ká ní (hd0,gpt2) ni, ẹ ó kọ àṣẹ mẹ́rin wọ̀nyí:

set root=(hd0,gpt2)
set prefix=(hd0,gpt2)/boot/grub
insmod normal
normal

Linux yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan. Kí ó tó di pé ẹ tún pa kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe sudo grub-install (bí ó bá jẹ́ oní-BIOS, ẹ fi orúkọ díìsìkì náà kún un, bíi /dev/sda), lẹ́yìn náà sudo update-grub.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìmúdójúìwọ̀n Windows kan mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan má lè ṣí Linux mọ́. Ohun tí wọ́n ń rí ni Verifying shim SBAT data failed: Security Policy Violation. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Secure Boot, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí ń yẹ àṣẹ àwọn adènà wò, ti kọ adènà tó ti pẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò pa Secure Boot nínú UEFI, yóò ṣí Linux, yóò kọ sudo mokutil --set-sbat-policy delete, yóò tún kọ̀ǹpútà tàn kí ó sì ṣí Linux lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò mú Linux dójú ìwọ̀n, nígbà náà ni yóò tó tan Secure Boot padà.

Kọ́kọ́rọ́ BitLocker

Níbí ni mo ti ń bẹ gbogbo onílé pé kí wọ́n fara balẹ̀. BitLocker ni Windows fi ń ti díìsìkì pa, ó sì lè ti wà ní títan lórí kọ̀ǹpútà yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí a bá pa Secure Boot tàbí tí a yí ètò ìtẹ̀léra padà, ó lè fura, kí ó sì béèrè kọ́kọ́rọ́ tí ó ní nọ́ńbà 48. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà náà kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́, kò sì sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí yóò ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí ara kọ̀ǹpútà ṣì yá, ẹ wọ Windows, ẹ wá BitLocker, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ náà sórí ìwé, kí ẹ sì fi ìwé náà síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé pàtàkì sí. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ètò UEFI, ẹ kọ́kọ́ dá BitLocker dúró fún ìgbà díẹ̀ láti inú Windows.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ pa ni Fast Startup. Bí ó bá wà ní títan, Windows kì í kú tán nígbà tí a bá pa á, ńṣe ni ó ń tọ́jú apá kan ara rẹ̀ sórí díìsìkì. Bí Linux bá wá dé ibẹ̀, yóò rí i pé ìpín Windows kò tíì padé, kò sì ní gbà kí a kọ nǹkan sí i. Inú Control Panel, lábẹ́ Power Options, ni ẹ ó ti rí Choose what the power buttons do, ibẹ̀ ni ẹ ó ti yọ àmì kúrò níwájú Turn on fast startup.

Bí kò bá sí èyí tó ṣí nínú méjèèjì

Ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi Linux sórí fíláàṣì, kí ẹ sì ti ara fíláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà tó ń ṣòjòjò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ da àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì kọ sórí díìsìkì mìíràn. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan kí èyí tó parí, bó ti wù kí ó yá yín lára tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ls /sys/firmware/efi. Bí ó bá ní kò sí irú rẹ̀, a jẹ́ pé fíláàṣì náà ṣí ní ìlànà BIOS, àtúnṣe UEFI kò sì ní ṣeé ṣe láti ibẹ̀. Ẹ tún un ṣí ní ìlànà UEFI. Ẹ fi lsblk -f wá ìpín Linux àti ìpín FAT32 kékeré nì. Bí ti Linux bá jẹ́ sda3 tí FAT32 sì jẹ́ sda1, iṣẹ́ yóò lọ báyìí:

sudo mount /dev/sda3 /mnt
sudo mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
sudo mount --rbind /dev /mnt/dev
sudo mount --rbind /proc /mnt/proc
sudo mount --rbind /sys /mnt/sys
sudo chroot /mnt
grub-install
update-grub

Bí ó bá jẹ́ ti Windows ni ó bàjẹ́, fíláàṣì tí a fi ń fi Windows sórí kọ̀ǹpútà ni ẹ ó lò. Ẹ tẹ Shift àti F10 pọ̀, ẹ fi diskpart, ètò Windows tí a fi ń ṣètò díìsìkì, fún ìpín FAT32 ní lẹ́tà S, kí ẹ sì kọ bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá C ni ìpín Windows ń jẹ́ níbẹ̀, nítorí pé lẹ́tà máa ń yí padà bí a bá gba ọ̀nà fíláàṣì wọlé.

Bí ẹ bá parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ ṣí Linux, ẹ pa á, ẹ ṣí Windows, kí ẹ sì tún ṣí Linux lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ìgbà tí Windows bá ti ṣí tán ni ó máa ń gba ipò kìíní padà.