Bí mo ṣe wá orísun ariwo fíríìjì kí n tó tú u

Fíríìjì tí mo tún ṣe yìí jẹ́ àlòkù láti Yúróòpù, irú èyí tó kún ilé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ilẹ̀kùn méjì, fíríìsà lókè, fáànù ló sì ń fẹ́ òtútù káàkiri inú rẹ̀. Ariwo méjì ló ń pa pọ̀. Ọ̀kan ń gbọ̀n gìrìgìrì lẹ́yìn, èkejì ń dún kàràkàrà nínú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ti ní kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù, ló bàjẹ́. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló wọ́nwó jù, òun ló yẹ kí a fura sí gbẹ̀yìn.

Mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìsà. Nínú irú èyí, fáànù inú máa ń dúró bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Kàràkàrà náà dákẹ́. Mo fi ìka tẹ bọ́tìnnì kékeré tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ bó bá padé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Fáànù ni, kò sí àní-àní. Gìrìgìrì ẹ̀yìn kò yí padà rárá, àfi ìgbà tí mo fi ọwọ́ tẹ àwo ike tó ń gba omi lórí kọ̀mpírẹ́sọ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló pa rẹ́. (Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí wáyà wọlé sí, páìpù náà sì lè gbóná.)

Mo yọ ọ́ kúrò nínú iná. Ẹ̀yìn kò gba àkókò: mo fọ àwo náà, mo ki rọ́bà tí mo gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ sábẹ́ rẹ̀ níbi tí ìkọ́ rẹ̀ ti kán, mo gbá eruku kúrò, mo sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín fíríìjì àti ògiri. Páìpù méjì tó bá ń kanra máa ń dún bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ rọra yà wọ́n; ẹ má fipá tẹ̀ wọ́n lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti jó wọn pọ̀. Mo wá yí ẹsẹ̀ iwájú títí iwájú fi ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí ilẹ̀kùn lè máa padé fúnra rẹ̀.

Inú ni iṣẹ́ wà. Mo fi tunavíìsì tú ike ẹ̀yìn fíríìsà, mo sì rí yìnyín tó ti ga débi abẹ fáànù. Ohun tó fà á ni pé omi tó ń yọ́ níbẹ̀ ní ihò kan nísàlẹ̀ tó yẹ kó gbà jáde sínú àwo ẹ̀yìn. Bí ihò náà bá dí, omi á tún dì, á sì máa ga sí i. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó tutù rinrin níbí ń ràn án lọ́wọ́, pàápàá nílé tí wọ́n ti ń ṣí fíríìjì ní gbogbo ìgbà. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ hú u lè lu páìpù, gáàsì á sì jáde. R600a ni orúkọ gáàsì tí wọ́n kọ sára tèmi, ìyẹn sì ń gbaná.

Lẹ́yìn náà ni mo fi síríńjì 50 ml fín omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ihò náà, títí mo fi rí i tó ń kán sínú àwo lẹ́yìn. Mo fi ìka yí fáànù: kò ha, kò sì mì. Ká ní ó ń mì ni, mọ́tò rẹ̀ ni mi ò bá pààrọ̀. Bí yìnyín náà bá tún padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ fi mítà iná wọn irin tó máa ń gbóná láti yọ́ yìnyín ibẹ̀. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, irin náà ti já.

Ariwo kan wà tí tèmi kò ní: ó kùn, ó dún kọ̀ọ́, ó dákẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ gbéra, kò lè gbéra. Ẹ kọ́kọ́ wọn iná. Nítòsí fóòtì 220 ló yẹ kó wà. Bó bá lọ sílẹ̀ gan-an nírọ̀lẹ́, ẹ̀bi iná ni. Bí iná bá dára, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ yọ rẹ́lé, nǹkan kékeré tó wà lára kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó máa ń mú un gbéra, kí ẹ mì í létí. Bó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti fọ́ nínú. Ẹ mú un dání lọ sọ́jà Ouando, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara kọ̀mpírẹ́sọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí rẹ́lé tó jọra lójú kì í fi gbogbo ìgbà bára mu.