Bí mo ṣe gé ẹnu ẹ̀rọ ata láti ara irin pẹlẹbẹ

Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, ni ẹnu ẹ̀rọ ata, ibi tí wọ́n ń da ata sí kó tó wọnú ọlọ. Òkè rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà tìbú tòòró, ihò ìsàlẹ̀ jẹ́ 20 tìbú tòòró, ó wà ní àárín gbùngbùn, ó sì jìn ní 36.

Mo kọ́kọ́ yà á sórí ìwé bí ẹni tó dúró lókè tó ń wo inú rẹ̀: igun mẹ́rin ńlá, igun mẹ́rin kékeré láàárín rẹ̀, ìlà mẹ́rin tó so igun mọ́ igun. Mo tún yà á bí ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gá fọwọ́ tọ́ ọ̀kan nínú ìlà igun yẹn.

“Báwo lèyí ṣe gùn tó?”

“Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, sà.”

“Nínú àwòrán wo?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Nínú àwòrán òkè, ìlà náà jẹ́ 21.2. Nínú ti ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ 39. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, torí pé ọ̀nà mẹ́ta ni igun yẹn ń gbà lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní 36, ó ń wọnú ní 15 láti ẹ̀gbẹ́, ó tún ń wọnú ní 15 láti iwájú. Àwòrán kọ̀ọ̀kan máa ń fi ọ̀nà kan pa mọ́. Láti rí gígùn rẹ̀ gan-an, mo fi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, mo sì pa wọ́n pọ̀. 36 lọ́nà 36 jẹ́ 1,296. 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ jẹ́ 450. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,746, rúùtù rẹ̀, ìyẹn iye tí a fi lọ́po ara rẹ̀ tó fi dé ibẹ̀, sì jẹ́ bíi 41.8. Àárín ojú irin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ọ̀nà méjì péré ló ń gbà, 36 sísàlẹ̀ àti 15 sínú, nítorí náà 39 ni.

Mo fi páálí gé ojú mẹ́rin ná: òkè 50, ìsàlẹ̀ 20, 39 láàárín wọn. Etí tó dà gẹ̀rẹ̀ jẹ́ 41.8 lóòótọ́. Wọ́n pàdé dáadáa, a gbé e sórí irin, a gé e, a jó o pọ̀.

Ohun tó wù mí jù ni fífi ojú inú gé e sí méjì. Ní ìdajì ìjìn rẹ̀, ó fẹ̀ ní 35 tìbú tòòró. Gbogbo inú rẹ̀ gba lítà 46.8, ṣùgbọ́n ìdajì ìsàlẹ̀ kò gbà ju bíi 14 lọ.

Ibi tí mo ti ń fi ojú inú ṣeré jù ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níwájú àwọn ilé Humanities tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, yà. Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kó lè ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Mo máa ń bi ara mi pé, kí ni ẹyẹ tó ń fò kọjá rí? Òrùlé nìkan ni. Bí a bá wá dà á dojú dé ńkọ́? Gbogbo àjà ló máa hàn sí i.

Ẹnu ẹ̀rọ mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ṣùgbọ́n ihò tirẹ̀ kò sí láàárín, ẹ̀yìn ló wà, kí ẹ̀rọ lè fara ti ògiri. Ojú ẹ̀yìn dúró ṣánṣán ní 36, ti iwájú jẹ́ 46.9. Igun ẹ̀yìn jẹ́ 39, ti iwájú 49.2. Páálí kan náà ni mo fi ya ojú ọ̀tún àti ti òsì, mo kàn dà á dé kí n tó ya ìkejì.