Bí mo ṣe ń fi ìwé ìdánwò àtijọ́ ṣe òòrẹ̀

Ọwọ́ ìyá alákàrà àdúgbò wa ni mo ti ń rí ìwé. Bí wọ́n bá ti ra ìwé àtijọ́ tí wọn yóò fi di àkàrà, mà á ní kí wọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ ṣà á wò. Kí ẹ tó bú mi pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń ba ìwé jẹ́: n kì í fọwọ́ kan Bíbélì, Kùránì tàbí ìwé tí ẹnì kan ṣì lè kà. Ìbéèrè JAMB tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ni mò ń wá.

Àwòrán kan tí mo rí nínú fóònù ọmọ mi ló kó èyí sí mi lórí. Ní ọdún 2011, ẹnì kan tí kò jẹ́ ká mọ orúkọ òun ń gbé ère tó fi ìwé ṣe sí àwọn ilé ìkàwé ní Edinburgh, ní Scotland, á sì yọ́ lọ. Igi kékeré ni àkọ́kọ́, Scottish Poetry Library ló gbé e sí. Èmi ò lè ṣe igi. Òòrẹ̀ ni agbára mi ká.

Ẹ wá ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ tí ewé rẹ̀ tó 150, ìyẹn ojú ewé 300. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, òòrẹ̀ yín á rù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti àìsàn bọ̀. Ẹ rora ya páálí ìta kúrò, kí gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ má tú. Ibi tí gbogbo ewé ti pàdé ni mò ń pè ní ìdí.

Ẹ ká etí ọ̀tún ewé kìíní wá kan ìdí, kó di ìlàjì. Ẹ wá mú igun òkè, ẹ ṣẹ́ ẹ wálẹ̀ títí etí òkè á fi sùn ti ìdí. Ó ti yọ ṣóńṣó nìyẹn. Ibẹ̀ ni imú. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí ewé tó kàn.

Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán. Ìròyìn rédíò ni mo fi ń tì í: ewé 40 lálẹ́ kan, alẹ́ mẹ́rin á parí ẹ̀. Ẹ má lá ìka o! Bébà tó tutù kì í gbọ́ràn.

Ẹ gbé e kalẹ̀ kí ìdí wà nísàlẹ̀, kí ẹ lẹ ewé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn mọ́ páálí yẹn. Àwọn yòókù á nà ró bí ẹ̀gún òòrẹ̀ tó gbúròó ajá. Kóró iṣin ni mo fi ń ṣe imú, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú méjì ni ojú.

Ẹ gbé e síbi gíga. Òbúkọ ará ilé kejì ló jẹ àkọ́kọ́ tí mo ṣe, tòun ti imú.