Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa òkúta amọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti omi inú rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn tí ń fún gbágùúdá ní Àjàṣẹ́ ti rí ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á di gbágùúdá rírin sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, omi á máa kán, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, àpò tí ó kún dé ẹnu lánàá á ti fún pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ṣe ń di òkúta amọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní shale: ẹrù àwọn ìpele tí ó ń balẹ̀ lé e lórí ló ń fún omi inú rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi bí ìpele kan ṣe nípọn lónìí sọ bí ó ṣe nípọn nígbà tí ó kọ́kọ́ balẹ̀. Ẹrẹ̀ tuntun lè jẹ́ omi ju ìdajì lọ, èyí tí ó jẹ́ 100 mítà lónìí sì lè ti ju 200 mítà lọ rí.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìpele tí ó tẹ̀ ni ilẹ̀ ti ti láti ẹ̀gbẹ́. Yanrìn kì í fún pọ̀ tó ẹrẹ̀. Bí yanrìn odò àtijọ́ bá wà láàrin ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rì, yanrìn á yọ gọngọ, àwọn ìpele òkè á sì wọ́ lé e bí aṣọ tí a dà bo odó.

Àṣìṣe tí ó léwu jù, lójú tèmi, ni kí awakòtò máa rò pé omi ti tán nínú amọ̀ tí ó jìn. Bí ẹrù bá yára jù, ẹ̀gbẹ́ àpò á dì, àárín rẹ̀ á ṣì tutù. Ní abẹ́ ilẹ̀, irú omi àhámọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bá òkúta ru ẹrù òkè, ó sì lè tú jáde tagbáratagbára bí irin bá kàn án. Ooru pàápàá ń dá kún un: láti nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 60 lọ sókè, smectite, irú amọ̀ kan tí ó máa ń gba omi sínú, ń yí padà di illite, irú amọ̀ mìíràn, ó ń tú omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní Niger Delta, ìpele amọ̀ jíjìn tí wọ́n ń pè ní Akata, tí omi há mọ́ nínú, ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, ó ń rú sókè, ó sì ń la àwọn ìpele yanrìn orí rẹ̀.

Ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí ó wà láàrin Kétu àti Pọbẹ̀, ní Benin, ń ṣi àwọn kan lọ́nà, wọ́n rò pé sísán rẹ̀ ni fífún pọ̀ tí à ń sọ yìí. Lóòótọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń sán débi pé ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò á mú un wú padà, bẹ́ẹ̀ amọ̀ tí ẹrù ilẹ̀ ti fún kì í padà sí bí ó ṣe wà. Ní Ṣábẹ, orí òkúta líle bíi granite ni ìlú wà, ẹ má ṣe wá òkúta amọ̀ níbẹ̀.