Ìrírí mi: ẹ̀ẹ̀mejì la mọ ògiri kan ní yàrá kámẹ́rà gámà

Ẹ̀ẹ̀mejì la mọ ògiri kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́, owó rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, owó tí a tọ́jú fún àtúnṣe ẹ̀rọ ló gbé mì káló, ó sì tún jẹ ọ̀sẹ̀ 6 mọ́ ọn, nígbà tí ẹ̀rọ tuntun ti wà nílẹ̀ tí a ò lè fi ya ẹyọ aláìsàn kan. Títí dòní, tí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, inú mi ṣì máa ń ru. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi náà fọwọ́ sí pulánì tó kó wa síbẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó yàrá náà nígbà tí ilé ìwòsàn wa fẹ́ ra kámẹ́rà gámà olórí méjì tó ní CT lára (CT ni ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara), èyí tí wọ́n ń pè ní SPECT/CT. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ núkílíà mẹ́dísìn, ìyẹn iṣẹ́ fífi oògùn tó ń tú ìtànṣán ya àwòrán inú ara. Mo mọ ẹ̀rọ náà lò, àmọ́ mi ò kọ́lé fún un rí. Ẹni tó ya pulánì ní tiẹ̀ ti kọ́ yàrá X-ray lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú X-ray yẹn náà ló fi wo tiwa.

Ẹ̀rọ X-ray ló ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti pa á, ó parí. Kámẹ́rà gámà kì í tú nǹkan kan jáde, ojú lásán ni, wíwò ló ń wò. (CT tó wà lára rẹ̀ ló ń tú X-ray, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ayàwòrán ilé wa lójú.) Ara aláìsàn ni ìtànṣán ti ń wá, torí a ti gún un lábẹ́rẹ́ technetium, oògùn tó ń tú ìtànṣán, kò sì sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa aláìsàn. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé wákàtí 6 ni technetium-99m fi ń lọ sí ìdajì, àti pé ní gbogbo àsìkò yẹn, ibi tí aláìsàn bá jókòó sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bá gbà, ilé ìtọ̀ tó bá wọ̀, ìtànṣán rẹ̀ ń bá a lọ ni.

Ilẹ̀, iná, omi, ọ̀dà, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi nǹkan kan yangàn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wá, mo ní kí káfíńtà kan férémù igi kan, kó ga, kó sì fẹ̀ bí àpótí tó tóbi jù tó máa bá ẹ̀rọ náà dé, kó de táyà kéékèèké mọ́ ọn nídìí. Èmi àti àwọn ọmọkùnrin méjì la tì í láti ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù máa dúró sí títí dé inú yàrá. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà: "Ẹ̀gbọ́n, pósí ta lẹ̀ ń tì kiri?" Férémù há níbi kọ́nà kejì. A ní kí wọ́n gé igun ògiri ibẹ̀ kúrò kí ẹ̀rọ tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí àpótí gidi dé, àlàfo ìka méjì ló kù lápá ọ̀tún, ìka méjì lápá òsì. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ pósí.

Wọ́n tò ó tán, ó wù wá lójú. Ó wá ku àyẹ̀wò tí ẹnjiníà ilé iṣẹ́ máa ń ṣe kó tó fa ẹ̀rọ léni lọ́wọ́. Nínú àyẹ̀wò yìí, wọ́n máa ń yọ collimator kúrò lójú kámẹ́rà. Òun ni òjé oníhò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, tí kì í jẹ́ kí kámẹ́rà rí ju ìtànṣán tó bá wá tààrà lọ. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kámẹ́rà ò yàn mọ́. Ohunkóhun tó bá ń tàn, níbi yòówù kó wà, á rí i.

Láàárọ̀ kùtù, tí kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, iye ìtànṣán tó ń kà kéré bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa di aago 10, ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹnjiníà fura sí ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn kírísítálì, èyí tó ń sọ ìtànṣán di ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ tòrò, ó yọ àtàǹpàkò sí mi, ó lọ sùn. Ní aago 10 ọjọ́ kejì, ó tún gbéra. Ó tún un ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí. Ní ọjọ́ kẹta ó kọjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀rọ wa. Yàrá yín ni."

Yàrá mi kẹ̀? Yàrá tí mo fi téèpù wọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí? Ó ká mi lára, àmọ́ mo wá a. A nu ilẹ̀, a wọn ohun tí a fi nù ún. A wo garawa ìdọ̀tí, a wo ibi tí a ti ń po abẹ́rẹ́, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan.

Mo wá mú ìwé kékeré kan, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo ń kọ iye tó ń kà sílẹ̀ ní iṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nígbà tí mo wo ohun tí mo kọ, ó ní ìrísí kan. Nọ́ńbà á fò sókè lójijì. Á máa rọra dín kù fún nǹkan bí wákàtí kan, títí tó fi sọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà á jábọ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹjú mọ́ ọn. Technetium kì í yára bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan, bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló máa ń pàdánù. Ohun tó ń sọ ìdá kan nínú mẹ́ta nù ní wákàtí kan ni ohun tó ń lọ sí ìdajì ní iṣẹ́jú 110. Fluorine-18 nìyẹn, oògùn àwọn ará PET, ẹ̀ka míì tí àwọn náà ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ìtànṣán kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀. Èyí tó sì ń jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn, èèyàn ló dìde lórí àga.

Mo yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ po, mo ṣí ìlẹ̀kùn yàrá kejì. Lórí pulánì tí mo fọwọ́ sí, yàrá ìkó-aṣọ ni. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni àga ìsinmi mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀yìn ti ògiri wa. Ibẹ̀ ni aláìsàn PET ti ń sinmi fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ ya àwòrán. Màmá àgbàlagbà kan wà lórí àga àárín, ó bo aṣọ mọ́ra, ó ní, "Ẹ káàsán o." Mo kí wọn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àbá lásán ni, mo bẹ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé kó máa pè mí. Á ní, "Ọ̀gá, ẹnì kan ti wọlé o," èmi á wo kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ti fò sókè kó tó gbé fóònù sílẹ̀. A ṣe é nígbà márùn-ún. Kò tàsé.

Mo gbé ìwé mi lọ sí ìpàdé. Mo béèrè pé ìgbà wo ni yàrá aṣọ di yàrá PET. Wọ́n ní wọ́n ti sọ ọ́ ní ìpàdé kan, èmi ni mi ò sí níbẹ̀. Mo ní, ta ló pè mí? Kálukú ń wo bébà iwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kò yẹ kó jẹ́ wàhálà, ṣebí òjé wà nínú ògiri, àti pé wọ́n ti ṣírò ìtànṣán tó ń kọjá, kò tó ohun tó lè pa òṣìṣẹ́ kankan lára.

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Òjé mìlímítà 2 ló wà nínú ògiri yẹn, nítorí CT. Fún technetium, tí agbára ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ 140 keV, òjé yẹn pọ̀ dé ibi pé kò ní jẹ́ kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kọjá. Ṣùgbọ́n 511 keV ni ti PET. Lójú ìyẹn, òjé mìlímítà 2 kò ju kọ́tìnì lọ. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń kọjá. Ẹni tó ṣírò náà sì ń ṣírò fún èèyàn. Òfin ààbò ní kí ará ìlú má gbà ju 1 mSv lọ lọ́dún (mSv ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara èèyàn), kí òṣìṣẹ́ má gbà ju 20 mSv tí a bá pín in dọ́gba lórí ọdún márùn-ún. Ògiri yẹn yege lórí méjèèjì. Kámẹ́rà kò mọ ti mSv. Ìwọ̀nba tí ara èèyàn ò ní mọ̀ lára rárá ló ń bà á lójú jẹ́. A ti fi òjé dáàbò bo àwọn èèyàn lọ́wọ́ yàrá, kò sẹ́ni tó rántí dáàbò bo kámẹ́rà lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

A ò lè kó àwọn àga náà kúrò pátápátá, torí wọ́n ti fa omi ilé ìtọ̀ àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ẹnì kan ní ká kàn lẹ òjé tó nípọn sẹ̀ńtímítà 2 mọ́ ògiri. Mo ṣírò rẹ̀ níwájú wọn: òjé mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú lóòró ń wọ̀n ju kílò 11 lọ. Tí ó bá di mìlímítà 20 lórí ògiri tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 2.5, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 2. Ẹnjiníà ilé mi orí, ó ní ilẹ̀ tí búlọ́ọ̀kù yẹn dúró lé kò lè gbé e. Òjé tún rọ̀. Tí wọn ò bá gbé e ró dáadáa, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀.

Níkẹyìn a wó ògiri náà. Wọ́n ti ilẹ̀ ibẹ̀ lábẹ́, wọ́n da kọnkéré tó nípọn dípò búlọ́ọ̀kù. A gbé àwọn àga lọ sí ògiri òdìkejì, torí tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìtànṣán á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. A wá fi pákó òjé onítáyà tó nípọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Òjé tó bá sún mọ́ aláìsàn kò nílò kó tóbi tó èyí tó máa bo odindi ògiri, ó sì ń ṣe àwọn nọ́ọ̀sì náà láǹfààní.

Ẹ má ní kí n tún gbé irú ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ń fi òòlù lu ògiri, kírísítálì sodium iodide méjì sì wà ní ìwọ̀n mítà mélòó kan sí wọn. Iyọ̀ ni kírísítálì yẹn, kò nípọn ju bíi sẹ̀ńtímítà kan lọ, tí òtútù tàbí ooru bá yí padà lójijì, ó lè sán. A dá collimator padà láti fi bo ojú kámẹ́rà, a fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ láti òkè délẹ̀ nítorí eruku, mo lẹ bébà mọ́ ara ẹ̀rọ amúlétutù pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á tọ̀sán-tòru. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá a ní pípa. Bírikìlà kan ló pa á, ó ní òtútù ń mú òun, ṣebí kámẹ́rà náà kò ṣiṣẹ́. Orí ló yọ wá, kò tíì pẹ́ tó pa á, yàrá kò tíì gbóná. Mi ò lè sọ ohun tí mo sọ fún un níbí.

Tí mo bá tún máa bójú tó irú yàrá yìí, mi ò ní fọwọ́ sí pulánì tí wọ́n ya yàrá tiwa nìkan sí. Màá ní kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkè àti ìsàlẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n ń gbèrò láti gbé síbẹ̀. Màá sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi pé tí ọ̀kan bá yí padà, ìfọwọ́sí mi ti parí nìyẹn. Màá gba ìwé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣáájú, màá wo iye ìtànṣán tí wọ́n gbà láyè nínú yàrá. Ó wà nínú ìwé tiwa látìbẹ̀rẹ̀, ní ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà. Màá wo gígùn yàrá náà pẹ̀lú, torí nínú àyẹ̀wò aláìní-collimator, ohun tó ń tàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí kámẹ́rà ní ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀ ojú rẹ̀. Ojú tiwa fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 54, ìyẹn ni mítà 2.7, díẹ̀ ló kù kí a kan ìlẹ̀kùn. Ẹ sì ṣọ́ àwọn oníná. Nígbà tí a wó ògiri àkọ́kọ́, a rí i pé wọ́n ti gé òjé inú rẹ̀ níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, wọn ò sì dí ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀dà gbẹ, ẹnjiníà padà wá, ó yọ collimator. Ní aago 10 kọjá díẹ̀, fóònù dún.

"Ọ̀gá, ẹnì kan ti wọlé o."

Mo wo kọ̀ǹpútà. Mo dúró díẹ̀, mo tún wò ó.

"Kámẹ́rà ò mọ̀."